Àbúrò Mi Lórí Ẹyin Olongo

Akíndípẹ̀, ju òkúta yẹn sílẹ̀. Mo ní kí o jù ú sílẹ̀! Mo mọ̀ pé ìrẹsì oko rẹ ni wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n ẹyẹ tí kò wúwo tó awẹ́ obì kan, òun náà lo wá sọ di ọ̀tá? Wá jókòó. Kí gbogbo ẹ̀yin tó kù náà jókòó, kí ẹ fi ẹ̀yìn ti igi odán yìí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti erin tí mo pa, kì í sì í ṣe ti ẹkùn tí mo fi irù rẹ̀ so ṣòkòtò. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn tán. Ti olongo ni, ẹyẹ kékeré ẹlẹ́nu pupa tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tó ń jẹ èso koríko kiri inú ọ̀dàn. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tó dùn dé òpin, kó tètè máa lọ sílé. Èmi Ọdẹ́níran kì í tan ènìyàn jẹ: èyí kò parí síbi tó dáa.

Kò sí ẹni tó dìde? Ó dáa. Ọwọ́ ara yín lẹ fi fà á.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni ọdẹ tí àwọn iwin ń kọ́kọ́ kí kí wọ́n tó kí ara wọn. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti bẹ̀rẹ̀ kí n tó wọ yàrá ìyá mi. Ta ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn? Ẹ rọra. Ẹ ó gbọ́ ohun tó gé mi kúrú.

Ìyá wa, Ẹfúnyẹmí, ọmọ méjì péré ló kù fún un láyé, èmi àti àbúrò mi Ọdẹ́rìndé. Ọdẹ́rìndé kò fẹ́ràn ìbọn rárá. Àtè ló ń fi sí orí igi tẹ́ẹ́rẹ́, tó fi ń mú ẹyẹ, olongo ló sì ń mú jù. Ó ní ohùn wọn ń tu òun lára. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ ọdẹ tó ń mú olongo, ìgbà wo ni yóò mú eṣinṣin? Ẹ̀rín ló máa ń rín sí mi. Lọ́jọ́ kan ó mú abo olongo kan, àtè lẹ̀ mọ́ ẹyẹ náà lẹ́sẹ̀. Ó fi epo pupa yọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹyẹ náà ń wò ó lójú, ó sì tú u sílẹ̀. Ẹyẹ kò lọ. Ó bà sórí koríko, ó dúró.

Àwọn tó ń gé koríko bẹẹrẹ nítòsí ló wá ròyìn ohun tó tẹ̀lé e. Wọ́n ní Ọdẹ́rìndé já ewé koríko kan, ó fi ẹnu mú un, ó ń fò sókè sódò lójú kan náà, bí akọ olongo ṣe ń ṣe bó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́, àfi ṣòkòtò rẹ̀ nílẹ̀ àti olongo méjì tó ń fò lọ síhà ọ̀dàn.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Bí a bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, á fi ọwọ́ kàn án, á gbé e padà. Lówúrọ̀ ọjọ́ kan ó pè mí. "Ọdẹ́níran, ara mi ti sọ fún mi pé n kò ní pẹ́ mọ́. Ikú kò bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kú láìfojú kan àbúrò rẹ. Lọ mú un wá fún mi."

Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Bó bá wà nínú ikùn erin, màá yọ ọ́ jáde, màá sì nu ojú rẹ̀ kí n tó mú un wá." Ẹnu mi dùn nígbà náà.

Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo gba ọ̀nà. N kò ní fi àwọn igbó tí mo là kọjá dá yín dúró. Ṣé ẹ rò pé igbó lásán lè dá mi dúró ni? Ìlú tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni Ìlú Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Níbẹ̀, olúkúlùkù ló ń dá gbé inú ilé tirẹ̀. Ọkọ ń gbé ìhà ìlà-oòrùn, ìyàwó ń gbé ìhà ìwọ̀-oòrùn, wọ́n á kàn máa juwọ́ síra wọn láti òkèèrè. Bí ènìyàn bá fi èjìká kan ẹlòmíràn, ẹgba ni. Èmi tí mo fẹ̀ láyà báyìí, mo bọ́ sáàárín ọjà wọn, kí n tó dé òdìkejì mo ti jẹ ẹgba tí yóò tó ìdílé kan. Wọ́n gbé mi dé iwájú baálẹ̀ wọn, arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá gígùn tì mí sẹ́yìn bó ti ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ó bi mí pé, "Ọdẹ, kí ni ohun tí ènìyàn kì í pàdánù?"

Mo ní ọgbọ́n ni. Ó ní irọ́. Mo ní orúkọ rere ni. Ó ní irọ́ ni.

Ó ní, "Ohun tí kò ní ni. Ẹni tí kò ní ẹnìkejì kì í ṣọ̀fọ̀. Padà sílé rẹ, má ṣe wá àbúrò kankan lọ."

Mo rẹ́rìn-ín sí i lójú. Mo ní, "Baba, ẹ kú àdágbé o," mo bá tèmi lọ. Lónìí bí mo bá rántí ọkùnrin yẹn, n kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ̀yìn ìlú yẹn ni Ọ̀dàn Aláìlópin ti bẹ̀rẹ̀. Koríko lọ, koríko bọ̀, kò sí igi kan tí ènìyàn lè fi ẹ̀yìn tì. Lẹ́nu ààlà ibẹ̀ ni Eléérú jókòó sí, iwin tí eérú ń jáde nímú rẹ̀, tí èéfín ń rú lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru, nítorí gbogbo iná tí àwọn ọdẹ ti fi sun ọ̀dàn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, inú rẹ̀ ló ń wọ̀ sí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sín, eérú bò mí lójú.

Ó ní, "Àlọ́ kan ni mo ní. Bí o bá mọ̀ ọ́n, wọlé bí o ti ga tó. Bí o bá ṣì í, màá gé lára gíga rẹ."

Mo ní, "Pa á jàre, ilẹ̀ ń ṣú."

Ó ní, "Ilé méjì gun orí ara wọn. Èyí tí a rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kedere, kò sí ẹnì kan nínú rẹ̀. Èyí tí ènìyàn kún inú rẹ̀, a kò rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kí ni?"

Mo ní, "Kò le rárá! Orí òmùgọ̀ àti ikùn rẹ̀ ni. Ẹnu wà lára orí, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ikùn kún fọ́fọ́, a kò rí ibi tó gbà wọlé." Eléérú rẹ́rìn-ín títí iná fi ṣẹ́ yọ lẹ́tí rẹ̀. Ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe é. Mo wo ilẹ̀, mo rí i pé ilẹ̀ ti sún mọ́ mi. N kò ga ju ewúrẹ́ kan lọ mọ́.

Mo tún ronú. Mo ní, "Ilé baba wa ni. Àwọn ará òkè ti lọ sóko, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Àwọn òkú tí a sin sábẹ́ yàrá wà níbẹ̀, wọ́n pọ̀ jù wá lọ." Ẹ wò ó, èmi fúnra mi gbà pé ìdáhùn yẹn dára ju àlọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní kì í ṣe é. Mo di ẹni tí kò ga ju adìẹ lọ. Inú bí mi, mo ní ìyá rẹ̀ nìkan ló lè mọ irú àlọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ka ìyẹn náà sí ìdáhùn.

Báyìí ni èmi Ọdẹ́níran, èmi tí mo ń bẹ̀rẹ̀ kí n tó wọlé, ṣe di ẹni tí kò ga tó àtàǹpàkò. Ìbọn mi ò ju ẹ̀gún lọ. Eléérú ní, "Gíga rẹ wà lọ́wọ́ mi. Bí o bá rí ìdáhùn náà, wá gbà á." Ó sín mọ́ mi, ni mo bá bá ara mi láàárín ọ̀dàn.

Ní òkè orí mi ni mo ti ń gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan. "O wà?" Òmíràn á dáhùn, "Mo wà." "O wà?" "Mo wà." Agbo olongo nìyẹn. Wọn kì í dákẹ́. Bí wọ́n ń jẹ, bí wọ́n ń fò, bí wọ́n ń mu omi létí odò, wọ́n á máa bi ara wọn, nítorí koríko ga, wọn kò lè máa rí ara wọn. Mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń rọ̀ mọ́ orí koríko eéran, tí koríko ń tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀, tí wọ́n ń ṣa èso rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀kan nínú wọn bà síwájú mi. Ìyẹ́ funfun kan wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ìyẹ́ náà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, ọkọ mi."

"Ta ni ọkọ rẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ilà ojú yín kò yàtọ̀ sí ti Ọdẹ́rìndé. Èmi ni Bíńtín, ìyàwó àbúrò yín, tó fi epo fọ àtè kúrò lẹ́sẹ̀ mi." Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń wo ẹ̀yìn. "Ẹ má bínú pé mo ń kánjú. Òun ló wà lórí ẹyin wa báyìí, ebi á ti máa pa á. Bí mo bá jókòó, òun á lọ jẹ. Bó bá jókòó, èmi á lọ jẹ. Ẹni tó wà lórí ẹyin kì í dìde títí ẹnìkejì fi dé. Kì í ṣe òfin ọba kankan o, ọkọ mi. Bí ẹyin bá tutù, ó tán nìyẹn."

Mo ní, "Ìyàwó mi, ìyá wa fẹ́ rí i kó tó kú."

Ó ní, "Ha! Màmá wa? Ẹ jẹ́ ká lọ, kíá. Màá gba ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀, kó tẹ̀lé yín." Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ ti parí.

Òjìji kan kọjá lórí koríko. Gbogbo agbo náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bíńtín ti fò sókè pẹ̀lú ìyẹ́ rẹ̀ lẹ́nu, kò sì rí ibi tí yóò yà sí. Àṣá ni. Mo gbé ìbọn, mo yìn ín. Èmi tí mo pa erin! Ìbọn náà dún bí ìgbà tí ènìyàn já ewé. Ọta rẹ̀ ba àṣá náà ní igbá àyà gan-an, ṣùgbọ́n àṣá náà kò tilẹ̀ wo ibi tó ti wá. Ó gbé Bíńtín lọ. Ìyẹ́ funfun yẹn nìkan ló padà bọ́ sílẹ̀, mo sì mú un dání.

Mo sunkún, ẹ̀yin ènìyàn mi. N kò tíì mọ̀ ọ́n tó ìgbà tí iṣu sísun fi ń jiná, ọkọ mi ló sì pè mí.

Nígbà tó yá, agbo náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn padà. "O wà?" "Mo wà." Wọ́n dé ibi tí ohùn Bíńtín yẹ kó ti wá, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n sì kọjá. Àgbà olongo kan, tí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ti ń re, wá bá mi. Wọ́n ń pè é ní Baba Ìkángun. Mo bi í ní ìdí orúkọ náà.

Ó ní, "Bí ilẹ̀ bá ṣú, a máa ń tò sórí ẹ̀ka kan, ìhà mọ́ ìhà, a ó máa fi ẹnu tún ọrùn ara wa ṣe títí oorun á fi gbé wa lọ. Bí a ṣe ń la ọyẹ́ kọjá nìyẹn. Ẹni tí ẹnìkejì rẹ̀ bá ti kú, ìkángun ló ń sùn. Ìhà kan gbóná, ìhà kan tutù. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti wà níbẹ̀." Ó wo èéfín tó ń rú lápá òkè odò. "Wá, kí n fi ilé àbúrò rẹ hàn ọ́. Iná ń bọ̀. Bó bá ti dé odò, a ó kó lọ síbi tí koríko ṣì kù."

Bí a ti ń sún mọ́ ibẹ̀, òórùn ẹtà gba imú mi. Ẹ mọ̀ pé kò sí ẹran tó lè sá fún imú mi. Mo ti Baba Ìkángun sẹ́yìn, mo ki ìbọn, mo dùbúlẹ̀ dè é. Mo dùbúlẹ̀ títí oòrùn fi yí. Ẹtà kò yọ. Ìgbà náà ni bàbá yẹn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìgbẹ́ ẹtà lásán ni, pé àwọn olongo ló ń fi ẹnu ṣa á, tí wọ́n ń tò ó yí ilé ká, kí ejò àti eku má bàa gbóòórùn ẹyin. Ìgbẹ́ ni mo dọdẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ máa rín ẹ̀rín yín, ó tọ́ sí yín.

Ilé náà wà nísàlẹ̀ ìtì koríko, koríko gbígbẹ ni wọ́n fi hun ún roboto. Mo rí ẹnu ọ̀nà kan lókè, mo gun un, mo wọlé. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo jókòó sínú òfìfo náà, ọ̀rọ̀ Eléérú wá sí mi lọ́kàn: ilé méjì gun orí ara wọn. Wọ́n kọ́ ti òkè láti fi tan ọ̀tá jẹ. Ti ìsàlẹ̀ ni ojúlówó, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Mo ti rí ìdáhùn, ṣùgbọ́n kò wá dùn mọ́ mi, nítorí mo ń gbọ́ ohùn àbúrò mi lábẹ́ mi. "O wà?" Á dákẹ́. "O wà?"

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ikùn fà wọlé. Olongo gbáà ni, ẹnu pupa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọsàn, ṣùgbọ́n ilà tiwa wà lójú rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹyin mẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ káàbọ̀. Ẹ má bínú, n kò lè dìde kí yín. Ìyàwó yín kò ní í pẹ́ dé."

N kò lọ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo gbé ìyẹ́ funfun náà síwájú rẹ̀, mo ní, "Ọdẹ́rìndé, àṣá ti gbé Bíńtín. Ojú mi ló ṣe. Kò ní dé mọ́."

Ó wo ìyẹ́ náà pẹ́. Ó ní, "Ìyẹ́ yìí dára. Òun nìkan ló mọ ibi tí irú wọn wà." Ó fi ẹnu tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹyin, ó tún un ṣe, ó padà jókòó. Ó na ọrùn sí ẹnu ọ̀nà. "O wà?"

Mo sọ ti ìyá wa fún un. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ rí Màmá. Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde báyìí, ẹyin á tutù. Bíńtín á wá bi mí pé, kí ni mo fi tirẹ̀ ṣe?"

Àbí kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Mo ní kó dìde lọ jẹun, pé èmi á jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni! Èmi Ọdẹ́níran, èmi ògbójú ọdẹ, mo sàba lórí ẹyin! Mo fi ikùn bò wọ́n, mo fi gbẹ̀rì, ẹ̀wù ọdẹ mi, yí wọn ká. Bó bá jáde, kì í pẹ́ kó tó padà, àyà rẹ̀ á sì pẹlẹbẹ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tètè yé mi. Lọ́jọ́ kan mo yọjú tẹ̀lé e, mo sì rí i. Kò jẹun rárá. Láti orí koríko dé orí koríko ló ń fò, tó ń pè, "O wà? O wà?" tó sì ń dúró gbọ́.

Agbo náà ti fẹ́ lọ. Baba Ìkángun wá sẹ́nu ọ̀nà, èéfín ń tẹ̀lé e. "Ọdẹ́rìndé, iná ti dé odò. Wá. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi." Àbúrò mi ní ẹni tó wà lórí ẹyin kì í dìde. Bàbá náà kò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí òun náà mọ̀. A gbọ́ ohùn gbogbo wọn bí wọ́n ti ń lọ, títí a kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́. Iná sun ọ̀dàn, ó fo ibi tiwa nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ tutù díẹ̀, àmọ́ ibi tí ojú lè rí dé ti di dúdú.

Ẹyin pa, ọmọ mẹ́rin jáde. Mo ti ń wo ọ̀kan nínú àwọn ẹyin náà tipẹ́, ó tóbi díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ẹyẹ kan wà lọ́dàn yẹn, onírù gígùn, kì í kọ́lé, kì í sàba. Ilé olongo ló ń yọ́ wọ̀ láti yé ẹyin rẹ̀, á sì bá fàájì rẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ àṣà àwọn olongo: wọn kì í bi ọmọ pé ta ni bàbá rẹ̀. Ọmọ á la ẹnu, wọ́n á wo inú rẹ̀. Tó-tò-tó dúdú wà ní àjà ẹnu ọmọ olongo, ìlẹ̀kẹ̀ funfun wà ní igun rẹ̀. Bí àmì yẹn bá ti wà, wọ́n á fi oúnjẹ sí i. Ọmọ onírù gígùn ti bá àmì náà wáyé, tirẹ̀ gan-an ló tún tàn jù, òun náà ló sì ń la ẹnu gbòòrò jù.

Èmi náà ń wá èso kiri nínú eérú, mo ń kó o wá nínú àpò mi. Kò tó nǹkan. Èyí tí Ọdẹ́rìndé bá rí, ẹnu tó bá ṣí jù ló ń fi í sí. Ọmọ tirẹ̀ kan dákẹ́. Òmíràn tún dákẹ́. Nígbà tó ku ọ̀kan, inú bí mi, mo di àlejò náà mú lọ́rùn, mo wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn! Kì í ṣe ọmọ rẹ nìyí, ìwọ aláìgbọ́n yìí. Wò ó dáadáa!"

Ó ní, "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"O mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yé e. Bíńtín náà mọ̀. Ó jókòó lórí rẹ̀ bó ti jókòó lórí àwọn yòókù." Ó kọjú sí ọmọ náà. "Ẹnu ló là, ẹ̀gbọ́n. Kí ni kí n sọ fún un?"

Mo tú u sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ tirẹ̀ tó kù ti kú. Ẹ má ṣe sọ fún mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Omi dànù, agbè náà ń fọ́ lọ lójú mi.

Mo ní, "Jẹ́ ká máa lọ. Màmá ń dúró." Ó ní, "Tí èyí bá ti lè fò, mo ṣe ìlérí, màá tẹ̀lé yín." Nítorí náà mo bá a bọ́ ọ. Ẹ̀yin ará, mo gbàdúrà fún ọmọ tí mo fẹ́ pa. Ó sanra, ó hu ìyẹ́, ìyẹ́ olongo kọ́ ló hu, ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìndé ń tún ọrùn rẹ̀ ṣe bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan àwọn onírù gígùn ń fò kọjá. Ọmọ náà gbé orí, ó gbọ́ èdè tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ rí, ó sì fò tẹ̀lé wọn. Kò wẹ̀yìn. Ọdẹ́rìndé pè é lẹ́ẹ̀kan, "O wà?" Kò dá a lóhùn.

Ó yí sí mi, ó ní, "Ó parí, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó lọ bá Màmá." Ojú rẹ̀ mọ́ díẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Ọyẹ́ wọlé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo sùn tì í, ìhà mọ́ ìhà bí wọ́n ṣe ń ṣe, mo fi gbẹ̀rì bò ó, mo ń fi ìka tún ọrùn rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ìhà kan ṣoṣo ni mo ní. Ìhà kejì rẹ̀ ni òtútù gbà wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní, "Ọdẹ́rìndé, ó yá." Kò dìde.

Mo gbé e kọ́ èjìká, mo rìn dé ọ̀dọ̀ Eléérú. Mo sọ ìdáhùn àlọ́ rẹ̀ fún un, ó dá gíga mi padà, ó ní mo pẹ́, ó yọ díẹ̀ pamọ́. Èyí tí ẹ ń wò yìí ló kù. Èmi di ènìyàn, àbúrò mi kò dàgbà sí i. Àtẹ́lẹwọ́ mi gbà á, àyè sì tún ṣẹ́ kù. Mo fi òwú wé e, mo gbé e sínú àpò.

Ìyá wa ṣì wà láàyè. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó. "Ọdẹ́níran, o mú un wá?"

Mo ní, "Mo mú un wá, Màmá." Mo tú òwú náà, mo gbé ẹyẹ náà lé e lọ́wọ́. Mo rò pé á pariwo, pé á ní orí mi ti dàrú. Kò pariwo. Ó gbé e sókè sódò díẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka tọ́ ojú rẹ̀ níbi ilà.

Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, o mà rù o."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí, n kò yọ nǹkan kan. Ó gbọ́ ti Bíńtín, ó mi orí. Ó gbọ́ ti ẹyin, ti iná, ti àwọn ọmọ tó kú. 

Ó ní, "Ọmọ tí àbúrò rẹ tọ́ dàgbà yẹn. Nígbà tó ń lọ, ṣé ó yó?"

Mo ní, "Ó yó, Màmá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Èmi fúnra mi wà níbẹ̀ nígbà tó jẹun kẹ́yìn."

Ó ní, "Ó dáa." Ó pa ọwọ́ dé mọ́ àbúrò mi, ó kọjú sí ògiri. Kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́. Nígbà tí a fẹ́ tẹ́ ẹ sí sàréè, àwọn obìnrin gbìyànjú láti la ọwọ́ náà, kò là, mo sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe sin àwọn méjèèjì nìyẹn.

Mo ti sọ tán. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ máa lọ sílé yín.